Láti Ọ̀fà Gàréèjì ní Ìlọrin dé Èsìẹ́: ètò ìpàgọ́ òpin ọ̀sẹ̀ fún ẹgbẹ́ alùpùpù

Kí ẹ tó dárúkọ ibi tí ẹ ń lọ rárá, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń bọ̀ sílẹ̀, ẹ kọ irú máṣíìnì tí kálukú ń gùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, kí ẹ wá fa ìlà sábẹ́ èyí tí eré rẹ̀ kéré jù nínú wọn. Òun ló ni ìrìn náà. Ẹgbẹ́ tó ní páwà báìkì mẹ́rin àti Boxer mẹ́jọ, eré Boxer ni gbogbo wọn máa sá lọ́jọ́ yẹn: 60 sí 70 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí ẹ bá fi ipá mú máṣíìnì 100cc tó gbé ẹrù àti èrò pé kó máa sá 90, ẹ́ńjìnì á gbóná jù, apá á máa ro ẹni tó ń gùn ún, ibi tí àárẹ̀ bá sì ti mú un ni yóò ti wọ kòtò tí kò rí. Àwọn tó ní máṣíìnì ńlá ló máa kọ́kọ́ ráhùn. Ẹ yanjú ẹ̀ ní ìpàdé, kó má baà di ojú títì kí ẹ tó máa bá ara yín jà.

Ènìyàn 18 la fi ṣe òṣùwọ̀n gbogbo ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ yìí: máṣíìnì 12, mẹ́rin nínú wọn gbé èrò kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan sì tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú awakọ̀ àti mẹkáníìkì. Òru kan ni wọ́n máa sùn. Bí iye tiyín bá yàtọ̀, ẹ fi ti yín pín in.

Ibi tí ẹ máa sùn

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó wà ní Ìlọrin ló ń fọkàn sí omi Òwu, èyí tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ifẹ́lódùn, pé ẹ̀bá rẹ̀ ni àwọn fẹ́ pàgọ́ sí. Ibẹ̀ rẹwà, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n a ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó sun inú igbó lágbègbè yẹn lákòókò yìí. Ní oṣù kẹsàn-án 2025 ni àwọn agbébọn ya wọ Òkè-Òdè ní Ifẹ́lódùn, tí wọ́n pa àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n kọ lu àwọn olùjọsìn ní Ẹrúkú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ti ìpínlẹ̀ Kwara, wọ́n sì kó ènìyàn lọ. Ẹ̀mí ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ju àwòrán omi lọ. Inú ìlú ni kí ẹ sùn, nínú ọgbà tó ní odi àti géètì, láàárín àwọn ènìyàn tó mọ̀ pé ẹ ń bọ̀.

Èsìẹ́ ní Ìrẹ́pọ̀dùn wà lára ibi tó bá èyí mu. Nǹkan bíi 50 kìlómítà péré ni sí Ìlọrin, ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òró lẹ sì máa gbà dé ibẹ̀. Ó tún ní ohun tí ẹ lè wò lọ́sàn-án: ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ère òkúta tó wà níbẹ̀ sì lé ní 800. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní ohun tí yóò ṣe láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sá eré lórí títì. Àmọ́ èyíkéyìí tí ẹ bá mú, Èsìẹ́ ni o, Òró ni o, Ọ̀fà ni o, ẹ tún béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ tí ẹ ń lọ gan-an, lẹ́nu àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá ní kò dáa, ẹ sún ọjọ́ síwájú. Owó oúnjẹ tó bá bá a lọ, kó bá a lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹni mẹ́ta gun máṣíìnì lọ wo ibẹ̀. Ẹ má fi fóònù ṣe é. Ìdí ni pé ènìyàn 18 tó dé lójijì pẹ̀lú máṣíìnì 12, tí wọ́n wọ akoto àti aṣọ dúdú, á ba àwọn ará ìlú lẹ́rù, pàápàá lásìkò tí gbogbo ènìyàn ń wo ẹ̀yìn wò. Ààfin ọba tàbí ilé baálẹ̀ ni ẹ ó ti kọ́kọ́ yà. Ẹ bọ́ akoto kí ẹ tó wọlé, ẹ kí wọn bí ó ti yẹ, kí ẹ fi lẹ́tà tí orúkọ ẹgbẹ́, iye ènìyàn, nọ́ńbà máṣíìnì, ọjọ́ dídé àti ọjọ́ lílọ wà nínú rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ ni wọ́n máa ti fi yín mọ olórí àwọn ọdẹ tàbí fijilanté ìlú. Ẹ háyà méjì nínú wọn fún òru yẹn, kí ẹ sì bá wọn dá iye owó lójú ẹni tó fi yín mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà náà sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀.

Pápá ilé ẹ̀kọ́ ló máa ń dára jù fún àgọ́, nítorí pé ó tẹ́jú, ó ní géètì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ní kànga tàbí omi ẹ̀rọ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀, kì í ṣe gáàdì ẹnu géètì. Nígbà tí ẹ bá ń wò ó, ẹ fa omi ẹ̀rọ náà fúnra yín kí ẹ rí i pé ó ń jáde. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ wo òkè: ẹ̀ka igi gbígbẹ tó wà lórí igi ńlá lè wó lulẹ̀ bí atẹ́gùn bá dé, a kì í pàgọ́ sábẹ́ rẹ̀ bó ti wù kí ibòji rẹ̀ tutù tó. Ẹ wo ilẹ̀: bí ẹ bá rí ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìjàlọ ti là, ẹ sún kúrò níbẹ̀ jìnnà. Ẹ wo ibi tí òjò ti wọ́ yanrìn kọjá, torí ibẹ̀ náà ni omi tún máa gbà. Ẹ dán nẹ́tíwọ̀kì wò lórí síìmù méjì ó kéré tán, kí ẹ kọ èyí tó mú sílẹ̀.

Ọjọ́ àti owó

Àárín oṣù kọkànlá sí àárín oṣù kejìlá ló dára jù. Òjò ti dáwọ́ dúró, ilẹ̀ ti gbẹ, ọyẹ́ kò sì tíì mú débi tí eruku á fi bo ojú ọ̀nà láàárọ̀. Láti ìparí oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ẹ múra sí òtútù òru àti ìkùukùu eruku tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ọ̀kánkán. Ẹ má gbéra kí oòrùn tó ràn. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ẹ fi í sílẹ̀. Ilẹ̀ pupa tó bá ti mu omi a máa yọ̀ bí ọṣẹ, àgọ́ tó tutù kì í sì í gbẹ títí tí ẹ ó fi padà.

Sátidé sí Àìkú ló rọrùn fún ẹgbẹ́ Ìlọrin. Ẹni tó ń kírun Jímọ̀ á ti kí i tán, ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì á sì lè lọ jọ́sìn pẹ̀lú àwọn ará ìlú tó gbà yín lálejò ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí ẹ tó dẹrù. Bí ẹ bá fẹ́ sun òru méjì, ẹ gbéra ní aago mẹ́ta ọ̀sán Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, kò gbọ̀dọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ kí aago méje tó lù, ẹ ò sì gbọdọ̀ máa na àgọ́ nínú òkùnkùn. Ẹ tún ṣọ́ra fún Sátidé tí ìjọba bá kéde ìmọ́tótó àyíká, kí wọ́n má baà dá yín dúró ní géètì ìlú.

Ní ti owó, kí akápò gba gbogbo rẹ̀ pé ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Ẹni tí kò bá tíì san kò sí nínú ìṣirò oúnjẹ. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún àròpọ̀ fún ohun tí ojú kò rí, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tó bá yẹ̀ lẹ́yìn tí a ti ra ọjà kò ní gba owó padà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn ún sọ, àmọ́ bí a kò bá sọ ọ́, àwọn tó lọ ló máa san owó àwọn tí kò lọ.

Máṣíìnì

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni kí ẹ tún máṣíìnì ṣe, ẹ má dúró di ọjọ́ tó ṣáájú. Ṣéènì tuntun a máa nà, wáyà kílọ́ọ̀ṣì tuntun a máa dẹ̀, pádì bíréèkì tuntun kì í sì í mú dáadáa títí tí yóò fi bá díìsì mọ́ra. Ẹ gùn ún tó 100 kìlómítà nínú ìlú, kí ẹ tún wọn fún un lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣéènì ni kí ẹ fi ọkàn sí jù. Gbé máṣíìnì sórí sitándì, fi ìka kan ti ṣéènì láti ìsàlẹ̀ ní agbedeméjì gíà iwájú àti ti ẹ̀yìn, kó máa sún sókè sódò ní nǹkan bíi 2.5 sí 3.5 sẹ̀ǹtímítà. Yí táyà ẹ̀yìn díẹ̀, tún wò ó. Ṣéènì tó ti gbó a máa le níbì kan, a sì máa dẹ̀ níbòmíràn. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó ń gùn ún àti èrò rẹ̀ jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, kí ẹlòmíràn sì tún fi ìka tì í. Ó gbọ́dọ̀ ṣì sún díẹ̀. Nígbà tí ẹrù bá tẹ ṣọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀, táyà ẹ̀yìn a máa jìnnà sí gíà, ṣéènì á sì fà. Èyí tí wọ́n fà le nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí lórí máṣíìnì á wá fà jù, á jẹ bíárìn tàbí kó já ní ibi tí kò sí mẹkáníìkì. Ìdí rèé tí ṣéènì tó dára láàárín Ìlọrin fi máa ń já bí wọ́n bá di ẹrù lé e.

Táyà: ẹ wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó gùn ún, nítorí bó bá gbóná, nọ́ńbà á fò sókè, á sì tàn yín jẹ. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún ẹni méjì lára máṣíìnì náà ni kí ẹ lò, bí ẹnì kan bá tiẹ̀ ń gùn ún pẹ̀lú ẹrù. Ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ táyà wò bóyá ó ti ń sán. Iná iwájú, iná ẹ̀yìn, atọ́ka, fèrè, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Lásẹ́ńsì àti ìwé máṣíìnì kí ó wà nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Akoto fún ẹni tó ń gùn ún, akoto fún èrò náà, kí wọ́n sì de okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Èyí tí a kò de kò yàtọ̀ sí fìlà.

Ní ti epo, bí ẹ bá ṣírò 200 kìlómítà fún àlọ, àbọ̀ àti rírìn káàkiri, máṣíìnì kékeré tó ń jẹ lítà 2.5 ní 100 kìlómítà á lo lítà 5, páwà báìkì tó ń jẹ lítà 6 á lo 12. Táǹkì tó kún láti Ìlọrin tó fún àwọn méjèèjì, kò sí ìdí láti gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹtiróòlù sẹ́yìn máṣíìnì. Kẹ́ẹ̀gì ike a máa wú nínú oòrùn, a sì máa jò sórí sàlẹ́ńsà tó gbóná.

Àpótí irinṣẹ́ kan ṣoṣo tó fún gbogbo ẹgbẹ́, kó sì wà nínú ọkọ̀: sípánà 8 sí 19, sípánà púlọ́ọ̀gì, píláyà, síkúrúdíráfà méjì, páńpù, irin tí a fi ń ṣí táyà mẹ́ta, pááṣì àti gọ́ọ̀mù rẹ̀, túúbù méjì fún ìwọ̀n táyà tó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́, púlọ́ọ̀gì mẹ́ta, ìsopọ̀ ṣéènì fún irú ṣéènì kọ̀ọ̀kan, wáyà kílọ́ọ̀ṣì méjì, fíúsì, téèpù dúdú, lítà ọ́ìlì méjì. Ẹni tó ní máṣíìnì tí páátì rẹ̀ kò wọ́pọ̀ ni yóò gbé tirẹ̀ wá.

Ẹrù dídì

Ohun tó wúwo kó wà nísàlẹ̀, kó sì súnmọ́ ẹ̀yìn ẹni tó ń gùn ún. Bí ẹ bá di àpò 15 kìlógíráàmù sí ìparí kéríà, iwájú máṣíìnì á fúyẹ́, ọwọ́ á máa gbọ̀n bó bá ti ń sá 60. Àgọ́, ẹní àti aṣọ fúyẹ́, wọ́n lè wà lókè. Ìkòkò, gáàsì, omi àti oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ inú ọkọ̀.

Rọ́bà túúbù tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ ni gbogbo wa fi ń di ẹrù, ó sì dára, nítorí ó máa ń fà bí ẹrù bá ti ń jókòó. Orí rẹ̀ tó ṣẹ́ kù ló ń pa ènìyàn. Ẹ wo ó dáadáa: ẹni tó dì í ta kókó, ó fi bí ìgbọ̀nwọ́ kan sílẹ̀ tó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Nígbà tí máṣíìnì bá ń sá, atẹ́gùn á fẹ́ ẹ sẹ́yìn, kò ní ṣe nǹkan kan. Nígbà tó bá fẹ́ dúró, atẹ́gùn á dẹ̀, rọ́bà á já sílẹ̀ sáàárín ṣéènì àti eyín tó ń yí i, á lọ́ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, táyà ẹ̀yìn á dúró gbagidi. Ẹ gé orí rẹ̀ kù ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin lẹ́yìn kókó, ẹ ká a sábẹ́ rọ́bà tó ti fà, kí ẹ fi téèpù dúdú wé e. Láti mọ̀ bóyá ẹrù dì, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti ẹrù náà láti ẹ̀gbẹ́. Bí máṣíìnì lódindi bá mì pẹ̀lú rẹ̀, ó dì. Bí ẹrù nìkan bá mì, ẹ tú u. Ẹ tún un yẹ̀ wò ní Ìdófìàn, nítorí kìlómítà ogún àkọ́kọ́ ni ẹrù ti ń jókòó.

Ojú ọ̀nà

Aago mẹ́fà àbọ̀ ní Ọ̀fà Gàréèjì, aago méje gbéra. Kí gbogbo táǹkì ti kún láti alẹ́ àná. Ohun tó máa ń pa ìdájí run ni ẹni kan tó ní òun fẹ́ ra epo lójú ọ̀nà, tí ẹni mẹ́rin á tẹ̀ lé e, tí aago mẹ́jọ àbọ̀ á fi lù. Olórí á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ọ̀nà, ibi ìsinmi, àmì ọwọ́, nọ́ńbà fóònù ẹni tó wà níwájú àti ẹni tó wà lẹ́yìn. Kálukú á kọ nọ́ńbà méjèèjì sórí bébà, kó fi sápò, nítorí fóònù lè kú.

Ẹ pín ara yín sí ọ̀wọ́ méjì, máṣíìnì mẹ́fà mẹ́fà, kí ìṣẹ́jú mẹ́ta wà láàárín ọ̀wọ́ méjèèjì. Máṣíìnì 12 tó tò lẹ́sẹẹsẹ kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rí àyè gba iwájú, awakọ̀ tí ara ń kán á wá bọ́ sí àárín yín. Aṣíwájú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà. Akẹ́yìn gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ máṣíìnì díẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gba iwájú ẹnikẹ́ni fún ìdí kankan. Ẹni tó lọ́ra jù ni yóò wà lẹ́yìn aṣíwájú gan-an. Bí ẹ bá fi í sẹ́yìn, á máa sáré lé yín nígbà gbogbo.

Lórí ọ̀dà, kí ẹni kan wà lápá òsì ojú ọ̀nà yín, kí ẹni tó tẹ̀ lé e wà lápá ọ̀tún. Láti mọ àlàfo, ẹ wo òpó iná kan. Bí ẹni tó wà níwájú yín bá ti kọjá rẹ̀, kí ẹ rọra ka oókan, eéjì kí ẹ tó dé ibẹ̀. Lórí ilẹ̀ pupa, ẹ tò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jìnnà síra yín títí eruku á fi lọ kí ẹni tó kàn tó dé. Gánmọ̀, Àmọ́yọ̀, Ìdófìàn, Òmùpo: ìlú wọ̀nyí ní bọ́ǹpù, ewúrẹ́ àti ọjà ẹ̀bá títì. Ẹ rọra, ẹ má fọn fèrè lásán, ẹ má sì gba gíà sílẹ̀ kí sàlẹ́ńsà máa dún níwájú mọ́ṣáláṣí.

Oríta Àjàṣẹ́-Ìpo ni ẹgbẹ́ ti máa ń já. Ọ̀nà kan lọ sí Ọ̀fà, ìkejì lọ sí Òró àti Òmù-Àrán, èrò pọ̀, ọkọ̀ ń já èrò, ẹni tó wo ẹ̀yìn fún ìṣẹ́jú kan kò ní rí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mọ́. Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Bí aṣíwájú bá ti dé oríta, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an á ya sẹ́bàá títì, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, á fi ọwọ́ na ọ̀nà tí a ń gbà. Gbogbo ọ̀wọ́ á kọjá lára rẹ̀. Kò ní kúrò níbẹ̀ títí tó fi rí akẹ́yìn, á wá bọ́ síwájú akẹ́yìn. Ní oríta tó kàn, ẹni tó bá wà lẹ́yìn aṣíwájú nígbà yẹn ni iṣẹ́ kàn. Ohun kan ṣoṣo ló ń ba ọ̀nà yìí jẹ́: kí ẹni tó dúró rò pé gbogbo wọn ti kọjá, kó sì máa lọ. Ó gbọ́dọ̀ fojú rí akẹ́yìn. Bó bá pé ìṣẹ́jú ogún láìrí i, kó pè é. Ẹ tún ṣe bákan náà ní Òró, níbi tí ẹ ó ti yà sí Èsìẹ́.

Ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ bá bàjẹ́, akẹ́yìn nìkan ló máa dúró tì í títí ọkọ̀ fi dé. Àwọn yòókù á lọ dúró ní ìlú tó wà níwájú. Ènìyàn mẹ́wàá tó kóra jọ sẹ́bàá títì, tí wọ́n ń wo ẹnì kan tó ń tú púlọ́ọ̀gì, ọkọ̀ lè gbá wọn.

Nínú ọgbà

Bí ẹ bá kúrò ní aago méje, ẹ ó dé kí aago mẹ́wàá tó lù. Olórí á kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà ìlú. Kí àwọn yòókù na àgọ́ lójú ẹsẹ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni sùn sábẹ́ igi.

Ẹ to máṣíìnì ní ìlà kan nítòsí géètì, kí orí wọn kọjú síta. Ilẹ̀ pápá a máa rọ̀ láàárọ̀. Ẹsẹ̀ sitándì á rì, máṣíìnì kan á ṣubú lu èkejì, gbogbo ìlà á wó. Agolo wàrà tí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ pẹlẹbẹ, kí kálukú fi ọ̀kan sábẹ́ sitándì rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀wọ̀n de máṣíìnì ní méjì méjì. Láti máṣíìnì sí àgọ́, ìṣísẹ̀ 15. Láti ibi ìdáná sí méjèèjì, ìṣísẹ̀ 15 míràn, ní apá tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi gáàsì dáná, ẹ má dá iná igi. Koríko gbígbẹ kò nílò ju ẹ̀ta iná kan lọ, oko ẹni tó gbà yín lálejò ló sì máa jó. Sílíńdà gáàsì 12.5 kìlógíráàmù kan tó fún gbogbo yín, ó máa ṣẹ́ kù.

Omi mímu: lítà 4 fún ẹnì kan lójúmọ́. Ènìyàn 18 fún ọjọ́ méjì, lítà 144 nìyẹn. Àpò omi inú ọ̀rá kan ní ogún, ìdajì lítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà àpò kan jẹ́ lítà 10. Àpò 15 ni kí ẹ rà. Omi ìwẹ̀, omi àlùwàlá àti omi ìfọbọ́, ẹ pọn ọ́n láti inú kànga ibẹ̀ sínú àgbá lítà 200 méjì.

Oúnjẹ alẹ́ Sátidé kó jẹ́ ohun tí kò ní pẹ́ lórí iná. Ẹ̀wà a máa gba gáàsì, iyán ń fẹ́ odó àti àwọn tí apá wọn le. Ìrẹsì ló dára: kóńgò méjì fún ènìyàn 18, ata tí ẹ ti lọ̀ tí ẹ sì ti dín gbẹ láti Ìlọrin, ẹran kìlógíráàmù mẹ́rin tí ẹ ti sè tí ẹ ti dín. Ẹran tútù kò gbọdọ̀ bá yín rìn nínú oòrùn. Ẹ ra á lọ́wọ́ alápatà Mùsùlùmí kí gbogbo ènìyàn lè jẹ ẹ́ láìbéèrè. Wàrà dídín dùn ún jẹ lọ́sàn-án pẹ̀lú ata gígún, àmọ́ ọjọ́ tí ẹ bá rà á ni kí ẹ jẹ ẹ́ tán. Fún àárọ̀ ọjọ́ Àìkú: iṣu ńlá mẹ́fà àti ẹyin 36. Ẹ ri ẹyin mọ́ inú gàrí nínú bokẹ́ẹ̀tì, ẹyọ kan kò ní fọ́. Gàrí kóńgò méjì yẹn náà, pẹ̀lú ṣúgà àti kúlíkúlí, ni oúnjẹ ọ̀sán Àìkú.

Ní aago méje alẹ́, olórí á gba gbogbo kọ́kọ́rọ́ máṣíìnì sínú àpò kan. Ẹni tó bá fẹ́ mu ọtí, lẹ́yìn èyí ni, ó sì gbọ́dọ̀ bá òfin ilé ẹ̀kọ́ àti ti ìlú mu. Ọtí kò sí nínú owó ẹgbẹ́. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, ẹni méjì méjì á máa ṣọ́ fún wákàtí méjì méjì, ìyẹn ènìyàn mẹ́jọ. Ẹ kọ orúkọ wọn lọ́sàn-án, torí kò sí ẹni tó máa ń gbà bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Àwọn ọdẹ tí ẹ háyà mọ ojú àwọn ará ìlú. Àwọn tiyín mọ ojú yín. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi nílò méjèèjì.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn fún àgọ́ kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀, ẹ da bàtà dojú dé, kí ẹ gbọ̀n ọ́n kí ẹ tó wọ̀ ọ́, nítorí àkeekèé fẹ́ràn inú bàtà tó gbóná. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni ṣán, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi okùn dè é pinpin, ẹ má fi ẹnu fa á. Ẹ bọ́ òrùka àti aago lára rẹ̀, ẹ fi igi gbe ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà kó má mì, kí ẹ gbé e sínú ọkọ̀, má ṣe jẹ́ kó rìn. Lọ́jọ́ tí ẹ lọ wo ibùdó ni kí ẹ ti béèrè ilé ìwòsàn tó ní oògùn oró ejò, ní Òmù-Àrán, Ọ̀fà tàbí Ìlọrin. Kí ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a lóru. Nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122, ti pàjáwìrì ni 112.

Àbọ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹrù ní aago mọ́kànlá àárọ̀ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, kí ẹ kúrò ní aago kan. Gbogbo ènìyàn á tò ní ìlà kan láti etí odi kan dé èkejì, wọn á rin pápá já, wọn á sì ṣa gbogbo ọ̀rá. Àpò ìdọ̀tí mẹ́ta máa ń kún. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń lọ, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ fún gáàdì. Ẹ san owó ọdẹ kí ẹ tó gbéra. Ẹ padà sí ààfin lọ dúpẹ́.

Àbọ̀ ni ìjàǹbá ti ń wọ́pọ̀ jù, nítorí pé oorun kò tó, oòrùn ọ̀sán mú, ọ̀nà sì ti di èyí tí wọ́n rò pé àwọn mọ̀. Ẹ sinmi lẹ́ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀kan. Láti aago mẹ́rin lọ, àwọn màálù ń padà kọjá títì. Bí ẹ bá rí ọ̀kan lápá kan, ẹ mọ̀ pé àwọn yòókù ń bọ̀, ẹ dúró. Ní Gánmọ̀, kí ọ̀wọ́ tú ká, kí kálukú gba ilé lọ, kó sì fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ bó bá ti dé. Akápò ló ń ṣọ́ orúkọ 18 náà. Orúkọ tí kò bá tíì ní àmì ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ pè é. Bí kò bá gbé e, ẹ pe ilé rẹ̀.